Yàrá Tí Búrẹ́mọ̀ Kùn

Ọdún kẹfà rèé tí Haneefah, ọmọ kan ṣoṣo tí Búrẹ́mọ̀ bí, ti wà ní Póláǹdì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń fi àlùmíníọ̀mù ṣe ríìmù ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka káàkiri ayé. Iṣẹ́ Haneefah ni kó máa fi ẹ̀rọ wo inú ríìmù kọ̀ọ̀kan, bóyá afẹ́fẹ́ há sí i nígbà tí wọ́n ń da àlùmíníọ̀mù yíyọ́ láti fi ṣe é.

Búrẹ́mọ̀ náà ń ta ríìmù, àmọ́ tòkunbọ̀ ni tiẹ̀, ní ìsọ̀ kékeré kan ní Òdòdé. Bí oníbàárà bá ń yẹ ọjà wò, a ní, "Ọmọ mi ló ń ṣe irú èyí." Àwọn mìíràn a kàn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá Haneefah ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀ gígùn mọ́. Bó bá ti ìsọ̀ délé, á tan rédíò, á sì máa dá rédíò lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Haneefah pè é.

"Dádì, wọ́n fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ wa pa. Wọ́n ní iná mànàmáná ti wọ́n jù níbí." Ó ń sunkún.

"Ha! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ gan-an."

Ẹnu rẹ̀ ló ń sọ pẹ̀lẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tó fi ṣí yàrá Haneefah, tó ti sọ di ibi ìkẹ́rùsí. Ó dá kó gbogbo ẹrù ibẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọ̀dà. Olúsànmí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ti oko kòkó bọ̀, bá a lórí àpótí.

"Bàbá Haneefah, ṣé ẹ fẹ́ gbéyàwó ni?"

"Ọmọ mi ń bọ̀ wálé."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ilé-iṣẹ́ wọn ń kógbá sílé. Níbo ló tún fẹ́ lọ?"

Olúsànmí gba búrọ́ọ̀ṣì, ó bá a kun ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

Búrẹ́mọ̀ ra tìmùtìmù, ó ta kọ́tìnnì, ó nu fèrèsé tó kọjú sí àpáta títí ó fi ń dán. Gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ ló ń sọ fún pé ọmọ òun ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé ni fóònù dún.

"Dádì, wọ́n ń gbé mi lọ sí ẹ̀ka wọn ní Mẹ́síkò. Èmi ni màá jẹ́ olórí àwọn tó ń yẹ ríìmù wò."

"Mẹ́síkò," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ṣé ó jìnnà ju ibi tí o wà lọ?"

"Ó jìnnà jù ú lọ. Bí ọ̀sán bá pọ́n lọ́dọ̀ yín, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ lọ́dọ̀ mi."

Búrẹ́mọ̀ rìn wọ yàrá tó kùn.

"Dádì, ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ti kun yàrá rẹ."

Ó fọwọ́ kan ògiri.

"Haneefah, nígbà tí o ní wọ́n fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ yín pa, inú mi dùn. Ìwọ ń sunkún, inú mi ń dùn. Dárí jì mí."

"Mo mọ̀, Dádì. Mo gbọ́ ọ lóhùn yín." Ohùn tirẹ̀ náà ti yí padà. "Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè lè sọ fún yín. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti fọwọ́ síwèé."

Búrẹ́mọ̀ jókòó sórí tìmùtìmù tí ọ̀rá rẹ̀ ò tíì ya. "Máa lọ," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ọlọ́run á ṣíwájú rẹ."

Haneefah lọ nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń ráyè pè báyìí. Àwọn tó ń yà sí ìsọ̀ ṣì ń béèrè bóyá ọmọ ti dé, Búrẹ́mọ̀ a sì ní wọ́n ti gbé e ga níbi iṣẹ́. Wọ́n a kí i kú oríire.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Olúsànmí bá a lórí àga níwájú ilé, ó gbé fóònù lé itan, ó ń retí ìpè.

"Bàbá Haneefah, ẹ wá bá wa jẹun. Iyán ti délẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Mo ti jẹun."

Kò tíì jẹun. Olúsànmí wo fóònù náà, ó ní, "Ó dàárọ̀," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni, ó sì kọjá lọ.