Rìsíìtì Pósí

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba rìsíìtì o."

Ohun tí ọmọ náà sọ gbẹ̀yìn lórí fóònù nìyẹn kí ìlà tó já. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti há bàbá rẹ̀ lọ́fun bí egungun ẹja; ó gbé e mì títí, kò lọ. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ fi owó pósí ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, ó wá ń béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ bàbá tó bí i, bí ẹni rán ọmọọ̀dọ̀ lọ sọ́jà.

Ohun tó dùn ún jù ni pé òun gan-an ló kọ́ ọ. Ilé ìkẹ́rùsí ni bàbá yìí ń tọ́jú ní iléeṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Sítọ̀ ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é títí dòní. Páìpù kan kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ilé rẹ̀. Ọmọ tó bá lọ ra ọṣẹ gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì bọ̀. Bí kò bá mú un bọ̀, yóò padà lọ gbà á, òjò ì báà máa rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé, "Ọjọ́ tí mo bí àwọn ọmọ yìí, ẹ ò kúkú gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Ta ló mọ̀ bóyá tiyín ni wọ́n?" Bàbá á sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ̀rín kì í yá lára.

Obìnrin náà ló wà ní mọ́ṣúárì báyìí.

Àbúrò Bàbá Sítọ̀ obìnrin, tó wá dúró tì í nínú ọ̀fọ̀ náà, rí i bó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ́kàn."

"Ọmọdé wo? Ẹni tó ti dá irùngbọ̀n sí."

"Irùngbọ̀n rẹ̀ ni ẹ fẹ́ sin ni, àbí ìyàwó yín? Ẹ lọ gba ìwé náà, kí gbogbo wa ráyè sinmi."

Bàbá Sítọ̀ dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni àwọn àga àti bẹ́ẹ̀dì wà, níbi tí àwọn tó ń kọjá lè rí wọn. Pósí wà lẹ́yìn, lábẹ́ páànù, níbi tí ìyẹ̀fun igi ti bo ilẹ̀ débi pé a kì í gbúròó ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Tìyàwó rẹ̀ wà lórí àpótí méjì, wọn kò tíì kùn ún. Káfíńtà náà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó fi pẹ́ńsù há etí, yára dìde.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ẹ jókòó. Kì í ṣe lórí àga yẹn o, góòmù ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ."

"N ò jókòó. Rìsíìtì mi ni mo wá gbà."

"Rìsíìtì kí ni?"

"Ti owó tí mo san fún ọ."

Káfíńtà wojú rẹ̀, ó wo pósí, ó tún wojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo ń kọ ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń kọ ti àga. N kì í kọ ti èyí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò kọ ọ́ rí títí ó fi kú."

"Kí ló dé?"

"Ta ló fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílé? Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì lè gbé e padà wá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń mì. Èyí ńkọ́, ta ni yóò gbé e padà wá bá mi?"

"Òfin ni. Ẹni tó bá gbowó, kó fún ẹni tó san án ní ìwé. Wọn ò yọ pósí sílẹ̀ níbẹ̀."

"Àwọn tó ṣòfin ò ta á rí ni." Káfíńtà fa ìwé rìsíìtì rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbọn eruku rẹ̀ nù. "Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀."

Bàbá Sítọ̀ kà á. *A dúpẹ́ pé ẹ rajà lọ́wọ́ wa. A ń retí yín láìpẹ́.*

"Fagi lé ibẹ̀ yẹn."

"Orúkọ ẹni tó sanwó tún wà níbẹ̀. N kì í kọ orúkọ alààyè mọ́ pósí, sà."

"Kọ tèmi. Kò sí ohun tó tún lè dẹ́rù bà mí mọ́."

Nígbà tí káfíńtà rí i pé bàbá náà kò ní kúrò níbẹ̀, ó ki kábọ́ọ̀nù sábẹ́ ìwé, ó fagi lé ìlà ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ́. Bàbá Sítọ̀ gbà á, ó kà á lórí ìdúró. Orúkọ rẹ̀ rèé. Pósí kan rèé. Ìbínú tó gbé wá látilé sì rọ̀ láìmọ bó ṣe rọ̀. Òun ló ra bẹ́ẹ̀dì tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin náà. Ilé ìwòsàn ló gba gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fi lè ra èyí tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní òun ló rà á. Ó ká a, ó fi í sápò àyà, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Nígbà tó délé, àbúrò rẹ̀ bá a ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Bàbá dúró díẹ̀, ó pè é.

"O ti rí i? Ọkàn rẹ ti balẹ̀ báyìí? O rí i pé n ò jẹ owó ìyá rẹ?"

"Bàbá! Ta ló sọ pé ẹ jẹ owó?"

"Kí lo wá ń fi rìsíìtì ṣe?"

Ọmọ náà ní, "Orúkọ yín ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ṣé orúkọ rẹ lo fẹ́ rí lára pósí ni? Ṣé orí rẹ pé?"

"Bàbá, ẹ̀yin máa wà níbẹ̀. Ẹ máa rí i. Ẹ máa bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde níbí. Tí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ibi iṣẹ́ ni mo máa wà lọ́jọ́ náà, mo máa máa to páálí. Ẹnì kankan ò tiẹ̀ ní mọ̀ níbẹ̀ pé ìyá mi kú. Mo ní kí n ṣáà ní ìwé kan lọ́wọ́, tó máa sọ pé èmi náà ṣe nǹkan fún un."

Ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìgbà tó ti di géńdé. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀. "Ó tó," ló ń wí, "ó tó, ó tó," títí ìlà fi já.

"Kí ló wí?" ni àbúrò rẹ̀ bi í.

"Kò wí nǹkan kan."

Ó wọ yàrá lọ, ó yọ ìwé náà, ó sì jókòó tì í. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ta ni yóò bi í? Wọn kì í kúkú tún rìsíìtì kọ.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Orúkọ ọmọ mi ni kí o kọ," ló wí, kò tilẹ̀ kí ènìyàn. "Òun ló sanwó."

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Ọmọ yín tó wà láàyè? Bàbá, mo sọ fún yín lánàá."

"O sọ fún mi. Ẹ̀rù sì bà mí fún un, ni mo ṣe ní kí o kọ tèmi." Ó yọ ìwé àná, ó fi lé orí tábìlì. "Ìdí kan nìyẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi."

Káfíńtà ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ orúkọ ọmọ náà bí bàbá ti ń pè é fún un, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Bàbá Sítọ̀ kò jẹ́ kó ya ti àkọ́kọ́ dànù, nítorí nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló gba báírò, tó fa ìlà méjì kọjá lórí orúkọ ara rẹ̀, tó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó parí nìyẹn, sà. Ìrọ̀lẹ́ la máa kùn ún."

Bàbá Sítọ̀ kò lọ. Ó ti na ọwọ́ sínú pósí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ibi tí orí yóò wà.

"Ibí yìí ṣì ń gúnni lọ́wọ́."

"Aṣọ la máa tẹ́ síbẹ̀, kò ní hàn síta."

Bàbá kò yọ ọwọ́ rẹ̀. Káfíńtà wò ó títí, ó fa bébà kan tí wọ́n fi ń ha igi dán ya sí méjì, ó na ìlàjì sí i. Bàbá Sítọ̀ bọ́ fìlà, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì tẹ̀ síwájú. Kò mọ iṣẹ́ náà. Káfíńtà ní láti fi bí wọ́n ṣe ń ha á tẹ̀lé ìlà ara igi hàn án. Lẹ́yìn náà ló fi í sílẹ̀, ó lọ jókòó ti àga tó ń kàn.

Ó ṣe díẹ̀, ó padà wá, ó fi ìka kan ibẹ̀.

"Ó ti dán, Bàbá. Ó tó."

"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá Sítọ̀ wí.