Ìkànnì Wo Ló Ní Àyè fún Verna?

Stefka ló gbé kọ̀ǹpútà wá, Stefka tí í ṣe àbúrò obìnrin Orest, ọkọ Verna, ọmọ ìyá kan náà. Ó gbé e ka orí tábìlì ilé ìdáná, ó bọ́ kóòtù, ó sì fa àga méjì sún mọ́ra.

"Jókòó. A máa yan ọ̀kan lónìí. Ó ti sú mi kí n máa wò ọ́ bí o ṣe ń dá nìkan jẹun bí ológbò tí wọ́n kó kúrò nílé fi sílẹ̀."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ì bá rán mi, ká ní orí rẹ̀ ṣì pé."

Verna jókòó. Orest wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní apá kejì ìlú Canora. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n àrùn ìgbàgbé ti kó o lọ. Láàárín ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ohun tí Verna ń wá kò pọ̀: ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jókòó sí òdìkejì tábìlì, tí yóò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ìkànnì ńlá tí gbogbo ayé ti ń wá olólùfẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Àwòrán ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ìbéèrè kẹta ló dá wọn dúró: ṣé o kò lọ́kọ rí ni, ṣé o ti kọ ọkọ sílẹ̀, ṣé ẹ ti pínyà, àbí opó ni ọ́?

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Sọ pé ẹ ti pínyà."

"A ò pínyà. Èmi ni mo fi ṣíbí fún un lóúnjẹ láàárọ̀ yìí."

Wọ́n bọ́ sí ìkànnì àwọn onígbàgbọ́. Ìbéèrè kan náà ló wà níbẹ̀, wọ́n tún ní kí ó mú àlùfáà tí yóò jẹ́rìí ìwà rẹ̀ wá.

"Fún wọn ní nọ́ńbà Fadá Bohdan," ni Stefka wí. "Wàá rí bó ṣe máa fi omi mímọ́ lé ọ dé ìlú Regina."

Ìkànnì kẹta kì í gbowó, kò sì béèrè ohunkóhun. Ìka lásán ni wọ́n fi ń ti àwòrán ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó yọjú ni ọkùnrin tó ń bá Verna tún ẹ̀rọ amúlémóoru ṣe. Ó gbé ẹja dání. Ẹnì kejì gbé ẹja dání. Ẹnì kẹta náà gbé tirẹ̀.

"Ọkọ ni wọ́n ń tà níbí ni, àbí ẹja?"

Ẹnì kẹrin kò gbé ẹja, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ kò ṣeé kà sókè níwájú àwòrán Màríà Mímọ́ tó wà lára ògiri.

"Ó ku ọ̀kan," ni Stefka wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìkànnì àwọn tó ti lọ́kọ, tó ti láya, tí wọ́n ń wá ẹni ìkọ̀kọ̀ ni. Ìdáhùn tó wà lókè pátápátá níbẹ̀ ni: *Mo ní ọkọ.*

Verna tẹjú mọ́ ọn. "Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè sọ òtítọ́, ilé òpùrọ́ ni." Ó ti kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn.

"Tóò, padà sí ti àkọ́kọ́, kí o sọ pé opó ni ọ́."

"Stefka. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Mo mọ̀. Èmi ti sunkún rẹ̀ tán ní tèmi." Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó sì lọ.

Verna jókòó títí tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló padà sí ìkànnì àkọ́kọ́, ó sì tẹ *opó*. Ìkànnì náà kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn, ó wá béèrè ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó rántí ìgbà tí Orest pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì mú ọdún tí a wà nínú rẹ̀.

Ohun tí kò rò ni pé ìlú kékeré kò ní ìbòji. Myron, ọmọ Marusia Kowbel, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ já jù sílẹ̀, wà lórí ìkànnì yẹn. Ó rí Verna níbẹ̀ pẹ̀lú *opó* lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì fi han ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin Canora kì í fi fóònù báni kẹ́dùn. Abọ́ oúnjẹ ni wọ́n ń gbé wá. Nígbà tí Verna ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Marusia ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì, gèlè dúdú lórí wọn, abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì lọ́wọ́ wọn.

"Irú ìwà wo nìyí, Verna? Láti ìgbà tí a ti ń jọ di oúnjẹ pirogi ní ṣọ́ọ̀ṣì, o lè lọ sin ọkọ rẹ sí ìlú Saskatoon lọ́hùn-ún ní bòńkẹ́lẹ́ bí ẹni ń sin ajá?"

Verna la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Marusia ti gbá a mọ́ra, kò sì sí ẹni tó ti gbá a mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹkún tó ti dì sínú rẹ̀ tú. Wọ́n mú un jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ kaná, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń sọ nípa Orest: bó ṣe ń jó, bó ṣe ń yan àwọn ẹlòmíràn jẹ nídìí káàdì. Verna rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun.

"Ìsìn ogójì ọjọ́ ńkọ́?" ni Marusia béèrè. "Ọjọ́ wo ni Fadá mú? Àwa la máa se àlìkámà tí a fi ń rántí òkú."

Verna gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Kò tíì kú."

"Ta ni kò tíì kú?"

"Orest."

"Myron rí i lórí ìkànnì."

"Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Kò sí ẹni tó bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Ọ̀kan nínú wọn tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a sápò.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun tán, Marusia," ni Verna wí.

"Oúnjẹ òkú ni. A kì í jẹ ẹ́ fún alààyè." Marusia dé abọ́ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, Verna wà ní ilé ìtọ́jú, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọkọ rẹ̀. Orest wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, o ti sunkún. Ta ló kú?"

Ó nu ẹnu rẹ̀ fún un. "Kò sẹ́ni tó kú."