Ẹni Tí Oko Rẹ̀ Bá Tiwa Pààlà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ilédì, ilé ìpàdé awo wa, ti di ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Èmi Àrínọlá, Erelú, obìnrin kan ṣoṣo tó ń jókòó láàárín àwọn àgbà Ògbóni àdúgbò wa ní Ìwó, ni mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á dúró fún ọdún mẹ́ta. A ó lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà, a ó béèrè irú ẹni tó jẹ́. Ìyàwó lè purọ́ nítorí ọkọ, ọ̀rẹ́ lè purọ́ nítorí ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò purọ́ gbe ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ilẹ̀ la sì ń bọ. Olè tó ń jí ilẹ̀, kí ló wá bá wa mulẹ̀ fún?

Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ni Oyèdèjì Apènà, ẹni tó ń pe ìpàdé, ti pa àṣà yìí tì. Ẹni tó bá ti fa ewúrẹ́ méjì wá pẹ̀lú ìgò ọtí òyìnbó, ó ti di ọmọ ìyá nìyẹn, bí àwa Ògbóni ṣe ń pe ara wa. Bí wọ́n ṣe gba Ògúndípẹ̀ ìránṣẹ́ kóòtù wọlé nìyẹn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oṣù kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní bòókẹ́lẹ́ fi di ohun tí àwọn ọmọge ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lódò. Lọ́jọ́ kan nílédì, mo wo àwọn àgbà wa bí wọ́n ṣe ń lá ọ̀rá ẹran lọ́wọ́, tí ọbẹ̀ ń kán nírùngbọ̀n wọn.

Mo dìde, mo ní bí wọn kò bá dá àṣà ìbéèrè lójú ààlà padà, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà. Oyèdèjì rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi ẹni tó kàn láti wọlé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàn ọ̀hún, Adégòkè ni, àkọ́bí mi. Mi ò mikàn. Mo ṣáà mọ ọmọ tí mo bí.

Èmi àti Oyèdèjì gbéra lọ sí Kuta, níbi tí oko obì ọmọ mi wà. Opó kan, Sẹ̀gilọlá, ló bá a pààlà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó bu omi fún wa. A bi í léèrè irú ẹni tí Adégòkè jẹ́, ó wo ojú mi. Ó mú wa lọ sídìí pèrègún tó wà lójú ààlà. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ó ka ẹsẹ̀ méjìlélógún wọ inú oko Adégòkè lọ, ó fi ihò tí wọ́n ti hú u hàn wá. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ òun gan-an ni wọ́n ṣí i nípò, igi obì mẹ́fà tí ọkọ òun gbìn sì ti bá a lọ. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ni mo sọ òkò yìí.

Bí a ti ń bọ̀ lọ́nà, Oyèdèjì rọ ohùn sílẹ̀.

"Erelú, ẹ jẹ́ ká bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ó sì yéé yọ wá lẹ́nu."

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlú. Ọmọ mi ni. Ta ni kì í bo ìdọ̀tí ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ilédì lọ́ọ̀ọ́kán, mo kórìíra ara mi.

Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, láìfi ẹsẹ̀ kan pamọ́ nínú méjìlélógún. Wọ́n mirí, wọ́n wo ewúrẹ́ mẹ́ta tí Adégòkè so síta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n lọ bá a wí nílé. Ni wọ́n bá gbà á wọlé. Ọmọ mi wá síwájú mi, ó na ọwọ́ òsì sí mi, bí àwa ọmọ ìyá ṣe máa ń kí ara wa. N kò gbà á.

"Kọ́kọ́ dá ilẹ̀ opó padà."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ bá wọn jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo fẹsẹ̀ rìn dé Kuta. Mo hú pèrègún náà, mo gbìn ín padà sí àyè rẹ̀, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, omijé lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, ìyá Adégòkè."

Ogójì ọdún ni mo ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, tí inú mi ń dùn sí i. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí mi lára.