Ìkíni Tí Mutolib Fi Pamọ́

Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Mutolib, oníàlùbọ́sà lọ́jà Mile 12, wáàsí ni wọ́n rò pé ó ń gbọ́. Á fi okùn fóònù sétí, á máa tú àlùbọ́sà jáde nínú àpò, á máa mi orí, á máa sọ pé, "Òdodo ọ̀rọ̀." Àwọn àgbàlagbà a máa ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́run ṣí i níyè sí i. Wáàsí kọ́ rárá. Madam Vivian kan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Uncle Olújìmí ló fún un ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà. Kọ́sítọ́mà rẹ̀ ni, inú ẹ́sítéètì kan ní Ifákọ̀ ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn Mutolib nítorí kì í fi èyí tó ti rà sísàlẹ̀ àpò fún un. "Máa gbọ́ ọ bó o bá ń ṣiṣẹ́," ló sọ. "Wàá rí i pé ọjà ẹ á yí padà."

Ọjà sì yí padà lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dá lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń wá nǹkan lórí Google. Madam Vivian ní kí oníṣòwò má kọ ohun tó wu òun síbẹ̀, kó kọ ohun tí ẹni tó ń wá ọjà máa tẹ̀. Ohun tí Mutolib kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni "Mutolib and Sons Global Ventures", bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ìyàwó, ká má tíì wá sọ ti ọmọ. Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé òun ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, òun sì ń gbé e dé ilé. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀kọ́ kejì ní kó máa fi ojú ara rẹ̀ hàn nínú fídíò. Ó gbé ọbẹ, ó ń gé àlùbọ́sà, omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń polówó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì ń rà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló gbé wàhálà dé. Sàìkọ́lọ́jì ni Madam Vivian pè é, ìmọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ohun tó bá ti pọ̀ lójú, ojú kì í kà á sí mọ́. "Jẹ́ kí ọjà rẹ ṣọ̀wọ́n díẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa wá ọ." Mutolib fọwọ́ lu itan. Ṣebí àwọn baba wa náà sọ ọ́ pé ọ̀wọ́n là ń ra ogo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn? Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àlùbọ́sà pupa ti Sókótó kù díẹ̀. Kí wọ́n tó pèrun Àìlà lọ́sàn-án, ó ti tán.

Ká ní ibẹ̀ ló fi mọ, ì bá dára. Àmọ́ Mutolib ní ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn tó ju àlùbọ́sà lọ. Ó fẹ́ fẹ́ Ruqoyah, aránṣọ kan ní Alápẹ̀rẹ̀, Ruqoyah sì ti gbà. Ìyá rẹ̀, Alhaja Ajarat, ló ń ta ata ní orígun ìlà ṣọ́ọ̀bù Mutolib. Bàbá ọmọ ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, Alhaji Shittu, ló sì ń bọ̀ láti Agboyi lọ́jọ́ Sunday láti wá bi Alhaja léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n á fi ọmọ fún ọkùnrin yìí àbí wọn ò ní í fi fún un? Èsì tí Alhaja bá fọ̀, abẹ ti gé e.

Gbogbo ìgbà òjò yẹn pátá, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Mutolib á lọ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú òjò. Ajé á wọgbá o." Alhaja á ní, "Oó." Kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní béèrè pé ilé ń kọ́, á padà sídìí ata rẹ̀. "Oó" yẹn ń dun Mutolib wọnú egungun. Ó wá rò ó lọ́kàn pé òun ti pọ̀ jù lójú ìyá yìí. Òun náà á ṣọ̀wọ́n.

Ẹ bá mi wo nǹkan o. Ọmọ Yorùbá, tó ń wá ìyàwó, ló fẹ́ fi ìkíni du ìyá ìyàwó. Ká ní ẹnì kan wà nítòsí ni, ì bá fún un ní ìfọ́tí kan kórí rẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí Alhaji Shittu ń bọ̀, Mutolib gbé fóònù sétí bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó kọjá níwájú Alhaja fìrì. Ọwọ́ Alhaja dúró nínú apẹ̀rẹ̀ ata, ó gbójú sókè. Mutolib fojú ẹ̀gbẹ́ rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ní sàìkọ́lọ́jì ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba ìlà àwọn oníṣu lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò tilẹ̀ yọjú sí apá ibẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe kírun tán ni Ruqoyah pè é.

"Mutolib, kí ni màámi fi ṣe ẹ́?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí o. Kí ló dé?"

"Wọn ò jẹun alẹ́ àná. Wọ́n ń bi mí bóyá o ti rí ẹlòmíì, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ."

"Ṣebí wọn kì í dá mi lóhùn dáadáa tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá wo ló máa ń tètè rẹ́rìn-ín sí ẹni tó fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ lọ? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá á rẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ wí fún Alhaji gan-an nìyẹn, pé ọmọ yìí ò pa ìkíni jẹ rí, òjò ni o, oòrùn ni o." "Wọ́n ní àwọn ò wá mọ ohun tí àwọn máa sọ mọ́."

Ìtìjú mú Mutolib. Kò gbọ́ Madam Vivian lọ́jọ́ náà mọ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé, ẹrẹ̀ kún gbogbo ọjà. Mutolib wọ jalamíà funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun Yídì. Ó rìn tààrà dé iwájú Alhaja Ajarat, ó sì nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ Ọjọ́rú mà," ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ káàárọ̀ Jímọ̀ mà, ẹ kú ìrun. Ẹ káàárọ̀ ti òní. Ẹ kú òjò."

Àwọn aláta bú sẹ́rìn-ín. Alábàárù kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ráyè wòran. Alhaja ń ṣa ata, ó ń ju èyí tó ti bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mutolib kò dìde, omi ẹrẹ̀ ń wọ inú aṣọ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?" Alhaja béèrè níkẹyìn.

"Bí wọ́n ṣe ń ta àlùbọ́sà ni wọ́n kọ́ mi mà. Èmi ni mo lọ fi ṣe yín. Ẹ dárí jì mí."

Alhaja nu ọwọ́ sí ìborùn rẹ̀.

"Kí ni ìyá ẹ fi ń kì ẹ́ nílé?"

Ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn aláta. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí: ọmọ ẹni là ń fi oríkì pè.

"Àjàgbé, mà," ni Mutolib dáhùn.

"Dìde nínú ẹrẹ̀, Àjàgbé," ni Alhaja wí. "Lọ fọ aṣọ yẹn kó tètè gbẹ, ọ̀la ni Alhaji Shittu ń bọ̀, kì í sì í pẹ́ dé."