Ihò Ara Ẹyọ Owó Ìyá Wa

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi! Àbúrò tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n ló fojú mi gbolẹ̀.

Ẹyọ owó fàdákà àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni ìyá wa fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ iwájú orí. Bàbá rẹ̀ ló rí i nígbà tó ń túlẹ̀ nídìí igi ólífì. Ó fi ìṣó lu ihò sí i lókè orí ọba tó wà lára rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìbòrí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti wà lórí obìnrin, tirẹ̀ ni. Ọkọ ò gbọdọ̀ tà á, ọmọkùnrin ò gbọdọ̀ tà á. Kí ìyá wa tó kú, ó ní Jawahir, ọmọbìnrin Farhan àbúrò mi, ni kó lò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀.

Nígbà tí Jawahir rí ọkọ, a wá ẹyọ owó náà tì. Farhan ní eku ló gbé e lọ. Eku! Eku wo ló ń lo ọ̀ṣọ́? Jawahir sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ó di ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ wá tọrọ ọmọ. Alhaji Mutlak, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ló ṣáájú wọn. Wọ́n bu kọfí fún un, ó gbé ife kalẹ̀ láìmu, nítorí wọn kì í mu ún àfi tí a bá gbà láti fún wọn lọ́mọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí òrùka ọwọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà táwa obìnrin dúró sí. Ọba ara ẹyọ owó wa nìyẹn, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó ti pa rẹ́! Fàdákà tuntun ń dán lókè orí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dí ihò náà pa.

Mo já wọ àárín àwọn ọkùnrin.

"Alhaji, ẹ forí jì mí. Níbo lẹ ti rí òrùka yẹn?"

"Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà ní ọjà ìsàlẹ̀ ni mo ti rà á, arábìnrin mi. Ó ní ará abúlé yín ló tà á fún òun."

Farhan ti ń wolẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Farhan, eku ilé rẹ mà mọ ọ̀nà ọjà o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà nílẹ̀. Èmi náà ṣáà ni olórí ilé."

"Olórí ilé kẹ̀! O bọ́ ọ̀ṣọ́ lórí ìyá rẹ, o lọ tà á, o tún lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

Alhaji Mutlak bọ́ òrùka náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí rẹ̀.

"Ọlọ́run jẹ́rìí, mi ò mọ̀. Ẹ gbà á, tiyín ni."

Farhan mí kanlẹ̀. "Ó tán nìyẹn. A ti fún yín lọ́mọ. Ẹ mu kọfí yín."

"Rárá," ni Alhaji wí. "Ọmọ ni kó sọ pé ó tán."

Jawahir jáde sí wa. Kò sunkún mọ́. Òòlù àti ìṣó ló gbé síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi lu ihò rẹ̀ padà."

Mo fi ọ̀bẹ yọ ẹyọ owó náà kúrò lára òrùka, mo tẹ́ ẹ sórí òkúta fún un. Farhan kúnlẹ̀ lójú àwọn àna rẹ̀, ó ń lù ú, òógùn bò ó. Kọfí tutù nínú gbogbo ife, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ìṣó fi yọ sódì kejì.