Ẹni Tó Sọ Ilé Dúró-Ná Lórúkọ

Àga méjì ló wà ní Pọ́bẹ̀ tí ọkàn Tàhírù kì í kúrò lára wọn. Èkíní ni àga onípákó tó ń jókòó lé lábẹ́ igi máńgòrò gáràjì, níbi tó ti ń pàṣẹ pé kí ọkọ̀ yìí máa lọ sí Sakété, kí tọ̀hún wá gbé èrò Àjàṣẹ́. Èkejì kò tíì sí nílẹ̀ rárá. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tàhírù ti jókòó lé e nínú ọkàn rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì í, ó tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìlú kì í dàgbà kí aṣọ àná tó o lára. Pọ́bẹ̀ tí èèyàn lè dúró lẹ́nu ọjà rẹ̀ kó máa fi orúkọ bàbá kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ti di ibi tí àwọn sẹ́míjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, ń ya bo ara wọn bí eéṣú. Ní oríta ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹyìn á dojú kọ obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀. Lónìí ata á dànù, lọ́la wọ́n á gbé òkú. Ni àwọn ará méèrì, ìyẹn ilé ìjọba ìlú, bá fikùn lukùn, wọ́n ní àwọn yóò dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe àkóso ọkọ̀, gáràjì àti oríta, yóò sì ní ọ̀gá tirẹ̀ tí wọn yóò máa pè ní séfù. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀ka náà ní Faransé gùn bí ọ̀nà Kétu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ni yóò bá a lẹ́nu.

"Ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀ bí kò ṣe Ọ̀gá Tàhírù?" ni àwọn awakọ̀ ń wí.

Tàhírù á ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ti Ọlọ́run ni," bẹ́ẹ̀ ó ti gbé aṣọ fún aránṣọ. Aláró ni aṣọ náà, Màrúfátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló gé e fún un láti inú ọjà rẹ̀.

"Bàbá Ùmmù," ni Màrúfátù wí, nítorí Ùmmùkùlsúmì ni àkọ́bí wọn, "aṣọ oyè ló wá ń ṣáájú oyè báyìí?"

"Ẹni tí yóò jẹ oyè lọ́la, òní ló ń fárí."

Ọjọ́ pé, wọ́n kéde. Wọn ò pe Tàhírù. Dúrótìmí ni wọ́n pè.

Dúrótìmí wo? Dúrótìmí ọmọ Ahoyéyé, tó ti oko wá bá Tàhírù ní gáràjì láìní bàtà lẹ́sẹ̀, tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ Tàhírù lọ́dún gbọọrọ, tó ń ké "Sakété kan! Ẹnìkan ló kù!" nígbà tí ìdajì ọkọ̀ ṣì ṣófo. Tàhírù ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Tàhírù ló gbá a létí lọ́jọ́ tó fi ọkọ̀ gbá ewúrẹ́ ní Igana. Lẹ́yìn náà ni ọmọ padà sídìí ìwé, ó kà á yọrí, ó di òṣìṣẹ́ méèrì. Ìyẹn kò dun Tàhírù. Ẹni tó ń gun igi tirẹ̀ kì í bíni nínú, àfi bó bá dé orí ẹ̀ka tí ojú ẹni wà.

Lọ́jọ́ kejì Dúrótìmí gbé obì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku gáràjì lójú gbogbo ayé.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀nà mọ̀ mí. Ẹ fi àdúrà tì mí lẹ́yìn."

"Àmín, àmín. Dìde, eruku ń kó sí ọ láṣọ. Séfù kì í dọ̀bálẹ̀."

Eyín Tàhírù funfun báláú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá ètè. Ó já lára obì náà jẹ. Kò jẹ obì tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó délé, aṣọ aláró náà ṣì wà lára ògiri níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí.

"Ṣé kí n ká a sínú àpótí?" ni Màrúfátù bèèrè.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

"Kó máa ṣe kí ni? Kó máa wò yín? Ẹ rọra o, Bàbá Ùmmù. Òjòwú kò lẹ́ran láyà."

"Ta ló ń jowú? Èmi? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi yìí gbá létí?"

"Ọwọ́ ọ̀hún náà ló ń yún yín."

Ohun tí séfù tuntun kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríta ọjà. Ẹni tó bá gun nǹkan dé ìdí ìlà, kó dúró, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọ́kọ́ kọjá. Inú bí àwọn sẹ́míjàn. Wọ́n rọ́ wá sábẹ́ igi máńgòrò, Yannick ló ṣíwájú wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń ṣe? Èrò wà lẹ́yìn mi, iná ń jó lábẹ́ mi, ó ní kí n dúró. Kí n dúró kí n máa wo kí ni?"

Bí ẹní ta epo sínú iná lọ̀rọ̀ náà rí létí Tàhírù. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó yọ fìlà, ó fi í lé orókún.

"Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ ìdí ẹ̀. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Dúrótìmí."

"Ẹn-ẹ́n! Ta ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọmọ tó bá fara balẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀? Lọ-bọ̀, lọ-bọ̀ ló ń ṣe, bí ọkọ̀ Sakété, kí ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, jọ̀ọ́, dúró tì mí. Ẹni tí wọ́n fi 'dúró' bẹ̀ ní kékeré, tí wọ́n wá gbé e gorí àga lágbà, kí ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n sọ? 'Dúró ná! Dúró ná!' Kì í ṣe iléeṣẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ ní méèrì yẹn. Ilé Dúró-Ná ni!"

Ẹ̀rín bú. Yannick fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí alùpùpù ṣubú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, orúkọ náà ti dé ìsọ̀ aláta. Kí ọjà mìíràn tó ná, àwọn awakọ̀ ti gbé e dé Sakété. Oorun ọjọ́ náà dùn mọ́ Tàhírù. Bó bá sì gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé ìdí ìlà funfun, fèrè ló ń fun, á sì rọ́ kọjá. Dúrótìmí á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí i, nítorí ọmọ tó mọ iyì kì í na ọwọ́ dí ọ̀gá rẹ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu, kì í padà wá bi ẹni tó sọ ọ́ pé níbo ni kóun yà sí. Nígbà tí Dúrótìmí gbọ́ orúkọ náà, ẹ̀rín ló rín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló dúró sí oríta, ó na ọwọ́, ó ké e jáde: "Dúró ná!" Àwọn ọmọ iléèwé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dúró ná! Wo ọ̀tún! Wo òsì! Ó yá, máa lọ!" Wọ́n ń fi í ṣeré, wọ́n ń fi í fo okùn. Ata ò dànù mọ́. Àwọn obìnrin tó ń ru ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Ilé Dúró-Ná ó wó.

Gbogbo àmín tí wọ́n ń ṣe, ata ni lójú Tàhírù. Èébú rẹ̀ ti di oríkì ẹlòmíràn. Aṣọ tó fà ya mọ́ ọmọ náà lára ni wọ́n rán padà fún un bora.

Ó wá di ọjọ́ tí méèrì fẹ́ gbé pátákó iléeṣẹ́ náà kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ọjà. Àwọn àlejò ti Sakété wá, nítorí àwọn náà ń gbèrò láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Sakété sì ni ilé bàbá Tàhírù. Àwọn ìbátan Màrúfátù pàápàá wà nínú àwọn tó wá. Tàhírù wọ aṣọ aláró náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi í jókòó sí ìlà kejì.

Wọ́n fa aṣọ lára pátákó. Orúkọ Faransé wín-ín-wín-ín wà nísàlẹ̀; lókè, gàdàgbà-gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ pé: ILÉ DÚRÓ-NÁ.

Àtẹ́wọ́ ròkè. Àgbà kan láti Sakété bèèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ronú kan orúkọ tó dùn báyìí?"

Olórí méèrì wo Séverin. Séverin ni ògbufọ̀ méèrì, òun ló ń yí Faransé sí Yorùbá àti èdè Gùn lọ́jọ́ àpéjọ. Séverin wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó ń bọ̀, ló bá kọjá.

"Ẹ̀yin àgbà," ló wí, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, "orúkọ rere kì í já bọ́ láti òkè. Èmi ni mo fara balẹ̀, tí mo sè é, tó fi jinná."

Àtẹ́wọ́ tún ròkè. Tàhírù gbọ́ ọ láti ìlà kejì. Àga ti lọ. Ọmọ ti lọ. Ṣé èébú rẹ̀ gan-an ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Màrúfátù di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá Ùmmù, ẹ jókòó."

"Fi mí sílẹ̀." Ó ti dìde. "Irọ́ ni! Séverin, o ò lóyún ẹ̀, o ò pọ̀n ọ́n. Èmi Tàhírù ni mo sọ ọ́, lábẹ́ igi máńgòrò mi!"

Gbogbo ojú yí sí i. Inú olórí méèrì dùn. "Áà, Bàbá gáràjì! Ẹ bọ́ síwájú. Ẹ sọ bó ṣe wá sí yín lẹ́nu kí àwọn àlejò wa gbọ́."

Tàhírù bọ́ síwájú. Ìgbà yẹn ló tó rí ẹni tó jókòó ti Dúrótìmí: ìyá rẹ̀, arúgbó kùjọ́kùjọ́ kan tó ti Ahoyéyé wá wo pátákó ọmọ rẹ̀. Tàhírù yí ojú sí àwọn àlejò.

"Ẹ ṣeun," ló bẹ̀rẹ̀. "Mo rí i pé... oríta ń fẹ́ sùúrù. Ni mo bá ní..."

"Ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ sọ ọ́ o!" Yannick ni, ó ń ké láti orí alùpùpù lẹ́yìn. "Ẹ sọ ti lọ-bọ̀ ọkọ̀ Sakété yẹn! Òun gan-an ló dùn!"

Séverin rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. "Àbí òun kọ́ ló ni ín ni?"

Tàhírù wo ẹ̀rín náà. Bó bá dákẹ́, orúkọ di ti Séverin. Bó bá sọ ọ́, ojú á tì í. Owú kì í jẹ́ kéèyàn ro ìtìjú. Òun ló là á lẹ́nu. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ lábẹ́ igi: ti àbíkú, ti ìkúnlẹ̀, ti ẹni tí wọ́n fi 'dúró' bẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Yannick pàápàá ń wo táyà alùpùpù rẹ̀.

Arúgbó náà fi ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó dìde.

"Tàhírù."

"Màmá."

"Òótọ́ lo sọ. Lọ-bọ̀ ló ń ṣe. Mo ti sin ín rí kí n tó tún un bí. Nígbà tó padà wá, mi ò ní nǹkan tí n ó fi dá a dúró, àfi ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹkún sọ, ìwọ fi í ṣẹ̀fẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n látìgbà tí o ti ṣe ẹ̀fẹ̀ náà, wọn ò tíì gbé ọmọ ẹnì kankan ní òkú kúrò ní oríta yìí. Mi ò wá mọ bí n ó ṣe bú ọ. Kí orúkọ jẹ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tìrẹ, kó mú ìwọ náà."

Ó jókòó. Olórí méèrì wúkọ́, ó ní kí ògbufọ̀ yí i sí Faransé. Ahọ́n Séverin kọ́, kò rí i yí. Dúrótìmí wá síwájú Tàhírù, ó tẹ̀ ba.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Nígbà tí wọ́n túká, Tàhírù gbé Màrúfátù sínú ọkọ̀, ó dorí kọ ilé. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju oríta lọ. Bó ti ń sún mọ́ ìlà funfun, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fèrè. Àwọn sẹ́míjàn ti tò síbẹ̀.

"Ẹ wo ẹni tó ni ín!" ni Yannick ké. "Ọ̀gá, ẹni tó bímọ kì í fo ọmọ rẹ̀ dá o!"

Dúrótìmí wà lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ dì í lápá mú. Lọ́jọ́ yìí, kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ tààrà.

Tàhírù tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà kò dúró síbẹ̀ rí. Ó gbọ̀n, ó kérora, ó dúró. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú rẹ̀, kẹ́sẹ́ kẹ́sẹ́, kò sì wo ọkọ̀ náà. Láti ibi tí Tàhírù jókòó sí, ó rí fèrèsé Ilé Dúró-Ná tó ṣí sílẹ̀, ó rí ẹ̀yìn àga séfù, aláwọ dúdú, tó ń dán. Ó ṣì ń dùn ún. Kò mọ̀ bóyá yóò tán.

Arúgbó ti kọjá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè.

"Bàbá Ùmmù," ni Màrúfátù wí jẹ́jẹ́, "ọ̀nà ti ṣí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Tàhírù kò gbé ojú kúrò lára àga náà.

"Dúró ná," ló wí.