Bíréèkì Tó Ń Wọlẹ̀

"Tó o bá ti jókòó, kó o tó yí kọ́kọ́rọ́, tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá. Á le bí òkúta. Kó o wá fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ jáde, kí ẹni tó fẹ́ rà á rí i pé obìnrin ló ń wà á."

Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó náà, ó ń fi pọ́líìṣì bàtà kun táyà, ó sì ń súfèé. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ohun tí ológbò bì sórí ẹní.

Ta ló mọ ọkọ̀ yẹn tó ìyàwó? Òun ló ń fi í kó àwọn ọmọ lọ síléèwé. Bí òtútù bá mú láàárọ̀, kì í jí àfi tí wọ́n bá tì í. Iná iwájú rẹ̀ a máa ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ìyẹn kò tíì pa èèyàn. Bíréèkì ló ń já a láyà: téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé e, á máa rọra wọlẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Mẹkáníìkì ti sọ fún wọn pé rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń ti epo bíréèkì ti gbó, pé kí wọ́n má gbé e jáde mọ́ àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun ti gbọ́. Ohun tó wá ṣe láàárọ̀ yìí ni pé ó yá bátìrì aládùúgbò kí ọkọ̀ lè jí wẹ́rẹ́, ó sì yọ gílóòbù pupa tó ń kìlọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Bàbá àwọn ọmọ, ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ tà á fún?"

"Agbẹ̀bí."

"Agbẹ̀bí wo?"

"Èyí tó gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn wa náà ni. Ó ní òun fẹ́ máa fi gbé àwọn aboyún tí kò rí ọkọ̀ wọ̀."

Itọ́ kún ẹnu ìyàwó. Ó tu ú sínú gọ́tà. "Obìnrin tó dúró tì mí títí, tó ní mi ò ní kú! Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un."

"Mo dúpẹ́ nígbà yẹn. Ṣé ọpẹ́ ọ̀hún ò ní tán ni? Jọ̀ọ́, má fi ẹnu ẹ ba ọjà mi jẹ́."

Ó na ọwọ́ dúdú tó ń rùn fún pọ́líìṣì sí i láti fi tù ú nínú. Ìyàwó fà sẹ́yìn. Ọkọ tó ń bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó rí i lára pátápátá.

Agbẹ̀bí dé nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ẹ kú ilé o! Ọmọ mi kékeré ńkọ́?"

"Ó ti lọ síléèwé, Mà."

"Màmá wa, ẹ káàbọ̀!" Ọkọ ti ń fò sókè sódò. "Ọkọ̀ yín rèé, ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Ìyàwó mi á wà á kẹ́ ẹ rí i." Ó ṣẹ́jú sí ìyàwó.

Ìyàwó wọ inú ọkọ̀ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òun ni ọkùnrin yìí fẹ́ fi ṣe gbájú-ẹ̀. Ó tún jáde.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó fúnra yín. Ẹ tẹ bíréèkì yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ má gbé ẹsẹ̀."

Agbẹ̀bí tẹ̀ ẹ́. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí bàtà funfun rẹ̀ fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ló máa kó sí i!" ọkọ sáré sọ. "Òní gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀!"

Agbẹ̀bí kọjú sí ìyàwó. "Ṣé bàbá àwọn ọmọ mọ̀?"

Ọkọ ń fi ojú bẹ ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n mọ̀, Mà. Èmi náà mọ̀. Ẹ má rà á."

"Ó dáa," ọkọ sọ. "O ò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́. Wàá máa fẹsẹ̀ rìn ni, ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ."

"A máa rìn."

Ìyàwó di agbẹ̀bí lápá mú, ó fà á dìde kúrò nínú ọkọ̀, ó sì sìn ín dé títì. Kò wẹ̀yìn.